Ìwé Orin Mẹ́tọ́díìsì: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Fowó Rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní Àgbádárìgì ńbí pé ìwé wo ló yẹ kí ọmọ kọ́áyà tuntun rà, mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ìwé orin Yorùbá tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, ìwé òyìnbó ti ọdún 1933 tó ní tonic sol-fa (lẹ́tà d, r, m tí wọ́n fi ń kọ ohùn orin sílẹ̀), àti fótókọ́pì ìwé 1933 yẹn tí wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n fi páálí bò. Ti orí fóònù náà wà, ṣùgbọ́n bátìrì ń kú, ìpè sì ń wọlé nígbà àdúrà. Ó tán.

Ní ti owó, ti Yorùbá ló rọjú jù, fótókọ́pì tẹ̀ lé e. Ìwé 1933 gidi, àlòkù la sábà máa ń rí, ẹni tó ń tà á sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún wúwo: orin 984 kì í ṣe kékeré.

Ohùn orin gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìwé ọ̀rọ̀ nìkan kò burú. Èyí tí John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gbé jáde ní 1780, tó ní orin 525, kò ní ohùn nínú. Àmì kékeré tó máa ń wà lórí orin ló ń gbà wá. C.M. túmọ̀ sí pé sílébù 8, 6, 8, 6 ló wà ní ìlà mẹ́rin; L.M. jẹ́ 8 yíká. Ohùn C.M. kan lè gbé ọ̀pọ̀ orin C.M. Ọ̀gá akọrin mọ èyí tí yóò mú. Ẹni tó dá jókòó sílé lálẹ́, tó fẹ́ kọ́ apá tẹ́nọ̀ tiẹ̀ (ohùn ọkùnrin tó ga ju báàsì lọ), kò rí nǹkan kan dì mú.

Ìdí nìyẹn tí sol-fa fi dùn mọ́ wa. Sarah Glover ti Norwich ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, John Curwen tún un tò, ẹni tí kò mọ àmì orí ìlà márùn-ún kà sì lè fi kọrin. Ṣùgbọ́n inú àwọn àmì tíntìntín ni gbogbo agbára ẹ̀ wà. Àmì : ló ń pààlà sáàárín ìlù (beat) kan àti èkejì, tí àmì . bá bọ́ sáàárín, ìlù yẹn ti pín sí méjì. Ìlà ìdúró kékeré kan lókè d, bíi nọ́ńbà 1, ló sọ ọ́ di d òkè. Tó bá wà nísàlẹ̀, d ìsàlẹ̀ ni.

Fótókọ́pì tí wọ́n tà fún mi, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ mọ́ kedere. Ẹ̀rọ ló ti jẹ gbogbo ìlà kékeré wọ̀nyẹn. Níbi tá a ti ń kọ́ orin Ìkórè, tẹ́nọ̀ wa já wálẹ̀ sáàárín báàsì bí ewúrẹ́ tó jìn sí kòtò. Àwọn àltò rẹ́rìn-ín; ọ̀gá akọrin ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé e padà, ọkùnrin tó tà á fún mi bi mí pé ṣé orin ò pé nínú ẹ̀ ni. Orin pé. Owó mi ni kò padà, mo sì tún san òmíràn fún ìwé gidi. Wesley pàṣẹ ní 1761 pé ká kọrin bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an, ká má sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń tòògbé. Ó dáa, bàbá, èyí tí ẹ̀rọ jẹ ńkọ́?

Kí n má ṣojúsàájú: ìwé 1933 ní àléébù tiẹ̀. “Jésù, a fẹ́ pàdé” tí Olùdé, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, kọ ní 1949 kò lè sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ohùn òyìnbó kò gbà bá a lọ. Ní Àgbádárìgì wa yìí, ìlú tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní 1842, kò yẹ kó jẹ́ ti òyìnbó nìkan la ó máa kọ.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ àárín ìjọ lẹ máa ń jókòó, ti Yorùbá tó yín. Tó bá jẹ́ kọ́áyà, ẹ ní méjèèjì. Tówó ò bá sì ká a, àlòkù 1933 tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya sàn ju fótókọ́pì tó ń dán lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i ní bíi ibi mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé ìlà tẹ́nọ̀ sún mọ́ ojú. Bẹ́ ẹ ò bá rí ìlà kékeré kankan lókè d tàbí r, ẹ dá a padà sórí tábìlì.