Ayàwòrán-ilé, ẹnjiníà, draughtsman àbí kọngílá: ta ló yẹ kí ẹ pè bí ẹ bá fẹ́ fi kún ilé yín n'Ìkòròdú?

Ohun tí ẹ fẹ́ fi kún ilé ló máa sọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ pè. Tó bá jẹ́ yàrá méjì sẹ́yìnkùlé tàbí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, ayàwòrán-ilé, ìyẹn àkítẹ́ẹ̀tì, ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ bọ́ńgálò di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà tó ń ṣírò agbára ilé (structural engineer) ni kó kọ́kọ́ débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan sórí pépà. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n á ti sanwó àwòrán aláràbarà, wọ́n á ti fi han gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, kí wọ́n tó gbọ́ pé ìpìlẹ̀ tó wà nílẹ̀ ò lè gbé e.

Tó bá jẹ́ òkè lẹ ń lọ

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ tó jẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó bá nípọn tó íǹṣì 6 máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílò 360 lórí mítà kan níbùú lóròó. Lórí yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 5. Ṣe ni kí ẹ ka àpò sìmẹ́ǹtì 96, kí ẹ tò wọ́n sórí yàrá kan ṣoṣo, ká tó fi bulọ́ọ̀kù òkè, òrùlé, omi inú táńkì àti àwọn tó máa gbébẹ̀ kún un. Ìpìlẹ̀ tí àwọn bíríkìlà sábà máa ń dà fún bọ́ńgálò kì í ju kọnkéré tó fẹ̀ tó íǹṣì 27, tó nípọn tó íǹṣì 9, lábẹ́ ògiri bulọ́ọ̀kù. Kì í sábà sí òpó onírin tó tinú ilẹ̀ wá. Páànù ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe dẹ́kìn.

Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta, á fi tépù wọn bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe jìn tó. Á fi hámà ìdánwò lu kọnkéré líńtẹ́ẹ̀lì àti òpó tó bá wà, kó lè mọ agbára wọn. Á tún ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń ti irin onímú ṣóńṣó wọlẹ̀, tí wọ́n á máa ka bí ilẹ̀ ṣe ń ta kò ó. Ẹ má ṣe gba èsì àyẹ̀wò aládùúgbò. Ilẹ̀ pupa tó le ní ìhà Ọ̀dọ́gúnyàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ Májídùn tàbí Báyékù tó sún mọ́ ọ̀sà, tí omi ti máa ń yọ kí ṣọ́bìrì tó lọ jìnnà. Lẹ́yìn èyí, ó lè ní kò ṣeé ṣe. Ó sì lè ní kí wọ́n gbé òpó tuntun dìde lórí ìpìlẹ̀ tiwọn, kí dẹ́kìn jókòó lórí òpó wọ̀nyẹn, kí ògiri àtijọ́ má gbé nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́

Ayàwòrán-ilé gidi máa béèrè ìwé survey kó tó béèrè iye yàrá. Mítà 3 ni òfin Èkó sábà máa ń fẹ́ kí ilé fi jìnnà sí ààlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Hááfù pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30 ò ju mítà 9 lọ. Ẹ yọ mítà 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì, ẹ wo ohun tó kù. Ẹni tó bá yàwòrán yàrá ẹ̀gbẹ́ fún yín láìsọ èyí, owó yín ló ń wò.

Sọ́kàwéè ló kàn. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ilé gbé e sí, ibẹ̀ náà lẹ sì fẹ́ kọ́lé lé. Bí ilẹ̀ bá rì lábẹ́ ògiri, ògiri á là. Bí sọ́kàwéè bá sì kún, kò síbi tí ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ máa gbà. Àwòrán gbọ́dọ̀ fi ibi tuntun tí wọ́n máa gbé e sí hàn, kó sì jìnnà sí kànga tàbí bọ́hólù yín.

Ẹ béèrè fún àwòrán ńlá ti ibi tí òrùlé tuntun ti pàdé ti àtijọ́, nítorí ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé jù. Ó yẹ kó fi gọ́tà àárín hàn, àti páànù ìbòjú tó wọ abẹ́ páànù àtijọ́ tó íǹṣì 6 ó kéré tán. Ẹ bi í pé fèrèsé yàrá àárín tó ń wo ẹ̀yìnkùlé, ibo ló ti máa rí afẹ́fẹ́ tó bá yá? Ilé tuntun máa ń jókòó díẹ̀ sínú ilẹ̀, àtijọ́ ti jókòó tirẹ̀ tán; ìdí nìyẹn tí ojú ìsopọ̀ fi máa ń là gbọọrọ láti òkè délẹ̀. Ẹnjiníà lè ní kí wọ́n fi àlàfo bíi íǹṣì kan sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ dí i. Kí bíríkìlà má gé eyín, ìyẹn ihò tí wọ́n máa ń ki bulọ́ọ̀kù tuntun bọ̀, sára ògiri àtijọ́ láìgbàṣẹ.

Draughtsman àti kọngílá

A ò bú draughtsman, ìyẹn ẹni tó ń fa ìlà àwòrán ilé láìjẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, o. Ọwọ́ rẹ̀ yá, owó rẹ̀ kéré, òun náà ló ń fa ìlà ní ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ àkítẹ́ẹ̀tì. Ó dára láti wọn ilé tó wà nílẹ̀. Àmọ́ kò ní òǹtẹ̀ àkítẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń lù sórí àwòrán, ó máa yá a ni, lọ́wọ́ ẹni tí kò dé ilé yín rí. Kọngílá máa ń gba owó àwòrán àti owó ìkọ́lé pọ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan lẹ sì máa lọ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó máa jèrè bí irin bá dín ló ń ya àwòrán irin. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, kí àwòrán wà lọ́tọ̀, lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ẹ fúnra yín san owó fún.

Òǹtẹ̀, ìwé àti owó

Àjọ ìjọba Èkó ni LASPPPA àti LASBCA: LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló ń wá wo iṣẹ́ bó ṣe ń gòkè. Àkítẹ́ẹ̀tì ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì, ẹnjiníà lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà. Ẹ wá orúkọ náà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì pe ẹni tó ni òǹtẹ̀ gan-an. Ẹ bi í pé kí ló wà lẹ́yìnkùlé yín. Bó bá ń ṣe "ẹ-ẹ̀n, ẹ-ẹ̀n", kò débẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ìdá 30 nínú 100 níbẹ̀rẹ̀, 40 nígbà tí àwòrán bá pé, 30 nígbà tí ìwé àṣẹ bá wọlé, kò ní ni yín lára jù. Lọ́wọ́ ẹnjiníà, ẹ gba àkójọ irin tó sọ iye ọ̀pá àti gígùn wọn. Tọ́ọ̀nù kan Y12 (irin tó nípọn tó mìlímítà 12) tó pé jẹ́ bí ọ̀pá 93, Y16 (mìlímítà 16) bí 52. Bí iye ọ̀pá bá ju èyí lọ dáadáa, irin yẹn tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ.

Owó àbẹ̀wò máa ń wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnjiníà máa wá wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, irin òpó, àti irin dẹ́kìn kí wọ́n tó da kọnkéré. Òun náà ni kó sọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọparun tó gbé dẹ́kìn dúró, kì í ṣe bíríkìlà tó fẹ́ kó o lọ síbi iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ keje.