Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù Erékùṣù Marshall: ǹjẹ́ ó tó owó rẹ̀?

Nígbà tí mo fi àwòrán ẹ̀wù bọ́ọ̀lù Erékùṣù Marshall han àbúrò mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé aáyán ló jẹ ẹ́ ni. Kò jẹ̀bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí wọ́n gbé e jáde, bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán rẹ̀ léra lórí ayélujára ni ara ẹ̀wù náà ń pòórá díẹ̀díẹ̀, kí aráyé lè rí bí òkun Pàsífíìkì, tí ooru ayé ń mú kún sí i, ṣe lè gbé orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fi ju nǹkan bíi mítà 2 ga ju omi lọ mì. Odindi ni èyí tí mo rà, ó fúyẹ́, òógùn kì í sì í mú un lẹ̀ mọ́ ara. Nọ́ńbà 1.5 tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti agbábọ́ọ̀lù kankan: ìwọ̀n ooru tí Tony deBrum, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn nígbà náà, jà fitafita níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Paris lọ́dún 2015 pé kí ayé má kọjá ni.

Bọ́ọ̀lù gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ náwó. Ọdún 2020 ni wọ́n dá àjọ bọ́ọ̀lù wọn sílẹ̀, kò sì tíì sí nínú FIFA nígbà tí mo ra ẹ̀wù yìí, nítorí náà owó ẹ̀wù wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Amẹ́ríkà ló ṣàkóso ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ló sì gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ní Majuro, olú-ìlú wọn, ni Lloyd Owers, ará Ìlú Ọba tí wọ́n fi ṣe olùdarí ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, ti ní láti bẹ̀rẹ̀. Pápá tí wọ́n kọ́ fún ìdíje eré ìdárayá àwọn erékùṣù Micronesia ti ọdún 2024 ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, Springdale ní ìpínlẹ̀ Arkansas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ń gbé, ni wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá àkọ́kọ́ wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Erékùṣù Virgin ti Amẹ́ríkà nà wọ́n ní 4-0. Nínú èkejì, wọ́n jẹ góòlù 2 kí wọ́n tó pàdánù ní 3-2. Èmi kò ka ìyẹn sí ìtìjú rárá.

Ohun tó dùn mí ni owó ìfiránṣẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye ẹ̀wù. Ó tún fún díẹ̀ ní èjìká, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mú èyí tó fi nọ́ńbà kan tóbi ju tirẹ̀ lọ.