Google Maps ní Èkó: ó mọ àbùjá, kò mọ ẹ̀bùrú

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, orúkọ kan ò sì kárí gbogbo ọ̀nà tí awakọ̀ Èkó ń gbà sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àbùjá wà, ẹ̀bùrú wà, wọ́n-wéè wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ẹgbẹ́, ohun tó ń gbẹ̀yìn wọn ò sì dọ́gba. Google Maps, áàpù tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù, ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó dára gan-an fún àbùjá. Fún ìyókù, ojú awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Àbùjá ni ọ̀nà tó kúrú, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé kí lẹ wá ṣe níbẹ̀. Bí ará ọkọ̀ bá ní "ẹ jẹ́ ká gba àbùjá", kò tíì sẹ́ni tó rú òfin. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàrin Súrùlérè àti Yábàá, ó pọ̀ jaburata. Ibí yìí ni áàpù náà ti mọṣẹ́. Bí fóònù àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ṣe ń yára sí ló fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ ti dì. Àwọ̀ ewé, ọ̀nà ń lọ; àwọ̀ ọsàn, ó ń falẹ̀; pupa, ó ti dì; pupa tó ṣú, ẹ lè pa ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá ti kọ ibi tí ẹ ń lọ síbẹ̀, ẹ má tíì tẹ Start. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ìlà ọ̀nà mìíràn tí kò tàn tó ìlà àkọ́kọ́, iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà wà lára wọn. Bí ìṣẹ́jú tí àbùjá náà máa dín kù fún yín ò bá ju márùn-ún lọ, ẹ dúró sójú títì ńlá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń já sìmẹ́ńtì ládùúgbò á ti jẹ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kẹ́ ẹ tó kí awakọ̀ rẹ̀ tán.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni àdúgbò tí kò ní àwọ̀ kankan. Wọ́n á ní ọkọ̀ ò sí níbẹ̀. Rárá o. Fóònù tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò tó èyí tí áàpù fi lè sọ̀rọ̀ ni. Títì náà lè ṣófo. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ta kánópì dí i láti àárọ̀ Sátidé, tí àwọn onílù ti jókòó.

Ẹ̀bùrú yàtọ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú ń gba ibi tí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, tàbí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò lójú títì: a ń sọ pé lágbájá fi ẹ̀bùrú wọṣẹ́, tàmẹ̀dò fi ẹ̀bùrú gba ìwé ìwakọ̀. Fún onímọ́tò, ẹ̀bùrú ni inú ẹ̀sítéètì tó ní géètì, ẹ̀yìn ọjà, ọgbà tó ní ẹnu-ọ̀nà méjì. Títì lásán ni gbogbo wọn lójú Google Maps. Ó lè mú yín dé géètì tí wọ́n ti fi ṣéènì dè lálẹ́, níbi tí kò ti sí àyè láti yí ọkọ̀ padà. Tàbí kí ọlọ́dẹ ní kí ẹ "rí òun", owó tí áàpù ò kà mọ́ owó ìrìnnà nìyẹn.

Kí ẹ tó gbà fún áàpù náà, ẹ tẹ Layers, kí ẹ yan Satellite, kí ẹ sì fa àwòrán náà súnmọ́ra. Agboòrùn tó tò gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọjà ni. Ilẹ̀ pupa, kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Ẹ má gbà á lẹ́yìn òjò, torí áàpù ò mọ bí omi ṣe jìn tó. Àwòrán náà kì í ṣe tòní o, géètì tuntun lè má sí níbẹ̀.

Wọ́n-wéè nínú ìwé òfin ni títì tí ọkọ̀ ń gbà lápá kan ṣoṣo. Lẹ́nu ará Èkó, "ó gba wọ́n-wéè" ti di pé ó dojú kọ àwọn tó ń bọ̀. Áàpù yìí kì í mọ̀ọ́mọ̀ rán èèyàn nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìgbà tí ìjọba bá yí títì kan padà tí máàpù ò tíì gbọ́. Bí ẹ bá fà á súnmọ́ra dáadáa, ọfà kéékèèké á yọ lórí títì alápá-kan. Bí ọfà àti pátákó ẹ̀gbẹ́ títì bá ń jiyàn, pátákó ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gba wọ́n-wéè, wọ́n sì ti ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. "Fóònù ló ní kí n yà" kì í ṣe ẹjọ́ tí LASTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù tún le díẹ̀. Ọdún 2019 ni Google gbé ìjúwe ọ̀nà fún alùpùpù wá sí Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, Súrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Mainland àti Lagos Island. Áàpù ò béèrè bóyá èrò lẹ gbé tàbí ẹrù. Ó wúlò fún àwọn tó ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà; ọlọ́kadà tó bá tẹ̀ lé e láìwẹ̀yìn á kàn rìn wọ inú ọ̀fìn ni.

Níbi tí sáfíìsì lénì, ìyẹn títì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, bá wà, bíi Ìkòròdú Road, ẹ má gbára lé ohùn áàpù náà nìkan. GPS inú fóònù máa ń fi mítà mélòó kan ṣìnà, mítà mélòó kan náà ló sì wà láàrin títì ńlá àti sáfíìsì lénì. Á ní kí ẹ yà sọ́tùn-ún nígbà tí kọnkéré wà láàrin yín àti ọ̀tún náà. Kọ́ndọ́ dánfó gbọ́n jù ú lọ níbí, torí bọ́sítọ́ọ̀pù ló fi ń ka ọ̀nà. Bí ẹ bá ń ti Jíbówú lọ sí Ọbáníkòró, láti Onípàánù ni kí ẹ ti máa wá ibi tí ẹ ó ti bọ́ sí sáfíìsì lénì.

Ẹni tí kò fẹ́ san owó afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí lè tan Avoid tolls nínú Options. Falomo ló máa gbé e gbà, epo tó máa jó nírọ̀lẹ́ sì lè ju owó afárá náà lọ. Ẹ gba máàpù Èkó sórí fóònù nígbà tí ẹ bá wà níbi tí Wi-Fi wà. Tí dátà bá tán lójú ọ̀nà, á ṣì máa júwe, ṣùgbọ́n kò ní ní àwọ̀, kò sì ní mú ọ̀nà mìíràn wá. Lásìkò yẹn, títì tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà.