Béjidé àbí Omítóògùn?

Ọjọ́ tí àbúrò mi bímọ, òjò ń lu páànù débi pé a ò gbọ́ ẹkún ọmọ láti pálọ̀. Ìyá wa ní Béjidé ni. Bàbá ọmọ ní Omítóògùn.

Béjidé ni ẹni tó bá eji dé. Eji ni òjò lẹ́nu àwọn àgbà. Ìtàn ọjọ́ ìbí ni orúkọ náà ń sọ, bíi ti Abíọ́nà tí wọ́n bí sójú ọ̀nà. Ó kúrú, ó rọ ẹnu, kò sì yọ ẹlẹ́sìn kankan lẹ́nu. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ẹni tí ò mọ eji lè máa bi ọmọ pé ìkejì rẹ̀ ńkọ́, bíi pé ìbejì ni.

Omítóògùn jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi tó oògùn í ṣe. Orúkọ ìdílé olómi ni, àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun, òrìṣà tó ń fi omi tútù wo ọmọ. Odò náà ṣì ń ṣàn nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Lásìkò ọdún, ẹ ó rí àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì bu omi rẹ̀ relé. Àmọ́ bí pásítọ̀ yín bá le, ẹ ó ṣàlàyé títí.

Béjidé lèmi mú. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fi omi kan ọmọ níwájú orí, wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Bàbá ọmọ wò mí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti borí.