Bàbá tó ń yọ ìpẹtà ara máṣíìnì l'Ógbómọ̀ṣọ́: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ mú sùúrù dání

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máṣíìnì àtijọ́ nílé tó ti ń dógùn-ún, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá o.

Honda CG125 bàbá mi ni. Wọ́n ti fi kó láfún títí, àmọ́ látìgbà tí orúnkún ti ń dùn wọ́n ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òjò ọdún mẹ́ta gbáko lù ú. Ẹńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin náà ẹ mọ CG, láti 1976 tí Honda ti gbé e jáde ló ti dà bíi pé wọ́n mọ̀ pé a ò ní tọ́jú ẹ̀. Ara ẹ̀ ni wàhálà wà. Rímù, sálẹ́ńsà, madígáàdì, hándù, gbogbo ibi tó ń dán bíi dígí tẹ́lẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù ná. Ọmọkùnrin kan níbòmíì tí n ò ní dárúkọ ti kọ́kọ́ gba sálẹ́ńsà yẹn lọ́wọ́ mi, ló bá da omi bátìrì sí i. Háà, ó dán! Mò ń ya fọ́tò ẹ̀ kiri. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Áásíìdì yẹn jẹ ìpẹtà lóòótọ́ àmọ́ ó jẹ kúróòmù náà mọ́ ọn, ìyẹn nǹkan dídán tí wọ́n fi bo irin, ó wá ṣí irin sílẹ̀ níhòòhò, kò sẹ́ni tó fi ọṣẹ ṣàn án, kò sẹ́ni tó fi ọ́ìlì pa á, nínú òjò oṣù keje, kí lẹ wá rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Bí mo ṣe dọ́dọ̀ bàbá yìí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọjá Tákíè tẹ́ ẹ ń lọ sọ́nà Àpáké, wọn ò kọ nǹkan kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, páànù lásán ni, àmọ́ ẹ máa rí rímù mẹ́ta tí wọ́n gbé kọ́ sára igi dóńgóyárò.

Bàbá ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi èékánná họ ibì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá le, wọ́n á ní "èyí máa yè." Ibi tó bá ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n á mirí. Wọ́n ní, "Àbúrò, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kúróòmù yìí o, irin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ kan ti tó omi í gbà wọlé, abẹ́ ló ti máa ń jẹ ẹ́ kó tó yọ síta bí eéwo. Èyí tó wà lórí, a máa yọ ọ́. Èyí tó ti ṣí yìí, irọ́ ni mo máa pa fún ẹ tí n bá ní mo lè dá a padà." Sálẹ́ńsà tèmi wà nínú èyí tó ti ṣí. Ó dùn mí, àmọ́ ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó mówó dání, mo ti gbà fún un.

Ti fọ́ìlì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Fọ́ìlì tí ìyàwó mi fi ń se mọ́ínmọ́ín, òun ni wọ́n ní kí n lọ rà wá. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ rímù kí yanrìn má baà họ ọ́, wọ́n wá ká fọ́ìlì, wọ́n ń tì í bọmi, wọ́n ń fi í ra á jẹ́jẹ́. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni, àfi bí omi dúdú ṣe ń ṣàn tí kúróòmù sì ń yọjú! Wọ́n ní fọ́ìlì ò le tó kúróòmù, kò lè họ ọ́, ìpẹtà nìkan ló ń mú kúrò. Èmi tí mo ti fi kànìnkànìn onírin gbo hándù nílé, mo kàn dákẹ́ ni.

Àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké, inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n sùn mọ́jú, ilẹ̀ mọ́ wọ́n ṣàn wọ́n, wọ́n gbẹ wọ́n, wọ́n fi ọ́ìlì pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ omi ọsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra ẹ̀.

Kíìkì àti sítáǹdì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Wọ́n bu omi sínú báàfù oníke, wọ́n po sódà áàṣì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ olómi ń lò mọ́ ọn, wọ́n wá gbé ṣájà bátìrì wá, wáyà nẹ́gẹ́tíìfù lọ sára kíìkì, pósítíìfù lọ sára irin àlòkù kan, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ fara kanra. Ló bá ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Ọlọ́kadà kan fẹ́ ṣáná sí sìgá níbẹ̀, bàbá lé e bí ẹni lé adìẹ, wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú omi yẹn máa ń gbiná. Mo ní ṣé a ò lè lo ṣíbí tí kì í dógùn-ún dípò irin àlòkù, wọ́n ní rárá o, májèlé ló máa jáde lára ẹ̀ sínú omi. Nígbà tí wọ́n yọ kíìkì, ẹrẹ̀ dúdú ló bò ó, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, irin gidi ló jáde.

Táńkì ni wọ́n fi fínígà àti ṣéènì àlòkù ṣe. Wọ́n kó ṣéènì sínú ẹ̀, wọ́n ń mì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n da omi pupa nù. Ìsàlẹ̀ ló ti jẹ jù torí omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, abẹ́ ló ń lọ sùn sí. Wọ́n ní téèyàn ò bá ní gun máṣíìnì fún ìgbà pípẹ́, kó rọ táńkì kún, àyè tó ṣófo lókè ni ìrì ti máa ń mú un.

Ẹ̀sùn tèmi rèé o. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Iná ọba dá kún un lóòótọ́, torí láìsí iná ṣájà ò lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n gbé fóònù kẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì la jọ sọ, méjìlélógójì ni mo san torí wọ́n ní prámà, ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sábẹ́, ti wọ́n, nọ́ọ̀tì madígáàdì kan sì sọnù tí wọ́n fi èyí tí ò bára mu dí i. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fín sára férémù ṣàn díẹ̀ lábẹ́, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, àmọ́ èmi ti rí i.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má fi owó tán lọ́wọ́ wọn kí iṣẹ́ tó parí, ẹ sì ka nọ́ọ̀tì yín.

Nígbà tí mo gbé e délé, bàbá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní o ṣeun, wọ́n ní, "Ó ti ń dán jù. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá jí i gbé lóru ni?" Inú yàrá tí a ń kó gàrí sí ló ń sùn báyìí, ìyàwó mi sì ti ń sọ pé gàrí òun ń rùn pẹtiróòlù.