Àwo Aláboyún: Oṣù Mẹ́rin Tí Mo Fi Jẹun Ní Búkà Kan Ní Ìbàdàn

Búkà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀nà tí ó gba ìdí ọjà Bódìjà kọjá ní Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń gba ìtọ́jú oyún. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí ẹni tí ó ni ín, n kò sì fẹ́ dójú tì í ní gbangba. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà yóò rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Àwo Aláboyún" sí lẹ́nu ọ̀nà.

Oṣù karùn-ún ni oyún mi wà nígbà tí mo kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, tí wọ́n ń pè ní PCV, ti wálẹ̀ sí 29 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni aláboyún tí tirẹ̀ kò bá tó 33 ti bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa jẹ oúnjẹ tí ó dára, ó sì pe ẹni tí ó kàn wọlé. Bí mo ṣe ń lọ lọ́nà ni mò ń rò ó pé kí ni oúnjẹ tí ó dára náà yóò jẹ́ fún ẹni tí ó ń jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí kì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí wọ́n gbé síwájú mi nìyí: àmàlà kan tí kò tóbi ju ìkúùkù méjì lọ, ẹ̀fọ́ ṣókó tí ó kún abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, odindi ẹja kòtẹ́ kan, ẹyin sísè kan, àti ọsàn kan tí wọ́n ti bó. Obìnrin tí ó jókòó tì mí, tí oyún tirẹ̀ kò tíì yọ dáadáa, wo àmàlà náà, ó sì pariwo pé, "Màmá, èyí mà kéré o! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ènìyàn méjì ló ń jẹun níbí ni?" Ìyá olóúnjẹ kò bínú rárá. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹnì kejì yẹn ò tíì ní eyín. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ yẹn tán ná. Bí ebi bá ṣì ń pa yín, n ó bu àmàlà sí i, n kò ní gbowó."

Òótọ́ ni ó sọ. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara aláboyún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè ju iye oúnjẹ tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, àfikún tí ó nílò lójúmọ́ jẹ́ bíi 340 kálórì, ó sì ń tó 450 ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Mọ́ínmọ́ín ńlá kan pẹ̀lú ẹ̀kọ kan ti sún mọ́ àfikún àkọ́kọ́ yẹn. Ohun tí ara túbọ̀ ń béèrè jù ni irin tí ó ń di ẹ̀jẹ̀, fóléètì tí í ṣe fítámìn inú ewé, àti èròjà amúaradàgbà, kò sì sí bí a ṣe lè fi òkìtì àmàlà dí àlàfo ìwọ̀nyí. Ibi tí búkà yìí ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ ni pé òkèlè ni wọ́n dín kù, ọbẹ̀ ni wọ́n fi kún un.

Ẹ̀fọ́ ni n ó pẹ́ lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ó mú mi padà lọ. Bí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ṣe ń se ṣókó ni pé wọn yóò rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọn yóò da omi gbígbóná lé e, nígbà mìíràn pẹ̀lú kàún kí ó má baà dúdú, wọn yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí omi ewéko tí ó wà nínú rẹ̀ yóò fi ṣàn lọ sínú gọ́tà. Fóléètì àti fítámìn C máa ń yòrò sínú omi, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní kí aláboyún tìtorí rẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ ti bá omi yẹn lọ kí ẹ̀fọ́ tó dé inú ata. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà pé kí n wo bí wọ́n ṣe ń sè é, ó sì gbé àpótí fún mi lẹ́bàá ààrò. Ó fi omi oníyọ̀ fọ ewé náà ní odindi, ó tún fi omi mìíràn ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án, gbàgàdà gbàgàdà ni ó sì rẹ́ ẹ. Epo pupa tí kò pọ̀ ni ó fi din ata àti àlùbọ́sà pẹ̀lú irú àti edé, ó dúró títí omi ata fi gbẹ, ó wá da ewé sí i, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ ìkòkò kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tí ewé wọ inú ìkòkò kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo béèrè ìdí tí kì í fi í fún un. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ tí mo bá fún, èmi àti gọ́tà la jọ jẹ ẹ́."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹ̀fọ́ yìí sọ oògùn nù. Ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ yóò ti jáde máa ń pa dé láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí oyún bá dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní kí obìnrin tí ó ń retí oyún ti máa lo fólíìkì, ìyẹn oògùn fóléètì tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti pa dé dáadáa, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ kí oyún tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí aláboyún tún máa lo irin tí ó tó 30 sí 60 mílígíráàmù mọ́ ọn lójoojúmọ́. Búkà kò lè rọ́pò ìyẹn, ìyá olóúnjẹ náà kò sì sọ pé òun lè rọ́pò rẹ̀.

Ọsàn tí wọ́n gbé sínú àwo náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Irin tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara, ṣùgbọ́n fítámìn C inú ọsàn a máa ràn án lọ́wọ́. Tíì, ní tirẹ̀, a máa dí i lọ́nà. Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ni wọ́n tí wọn kì í fi í gbé tíì wá nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ ó ní láti dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó pò ó fún yín, bí ẹ bá tilẹ̀ bínú.

Ní ti ẹja, kòtẹ́ àti ṣáwá ni wọ́n ń tà jù. Àwọn ẹja kéékèèké báyìí kì í ní mẹ́kúrì, èròjà olóró kan, púpọ̀ bíi ti ẹja ńlá, ṣáwá tí wọ́n sì din gbẹ ṣeé jẹ teegunteegun, èyí tí ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ràn mílíìkì, nítorí pé èròjà tí ń mú eegun le wà nínú méjèèjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n a máa se ìgbín, àríyànjiyàn a sì máa bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà tí wọ́n sin ọmọ wọn wá yóò ní ìgbín kò yẹ aláboyún, pé ọmọ yóò máa datọ́. Mo jẹ ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta. Ọmọ mi ń datọ́ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ tí ó ń hu eyín ṣe ń datọ́, títí kan ti ẹ̀gbọ́n mi tí kì í fi ẹnu kan ìgbín.

Ó wá ku ẹ̀sùn mi. Èkíní ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹ̀fọ́ tó, wọn kò ṣọ́ gbẹ̀gìrì àti ewédú. Kàún wà nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni sódíọ̀mù kún inú kàún gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kún inú iyọ̀, kò sì yẹ aláboyún tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ní oṣù keje tí ẹsẹ̀ mi wú, mo bá ìyá náà sọ ọ́. Inú rẹ̀ kò dùn, ó ní láti ọdún tí òun ti ń tajà kò sí ẹni tí ó ṣàròyé, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo bá ìkòkò ewédú kejì níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìjábẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ja á. Gbẹ̀gìrì kò yí padà títí mo fi bímọ.

Èkejì ni pọ̀nmọ́. Bí ẹja bá ti tán, pọ̀nmọ́ méjì ni wọ́n fi ń dí i, iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Pọ̀nmọ́ dùn, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n awọ ni, èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò ṣe déédéé bíi ti ẹja tàbí ẹyin, irin inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀wà síbí mẹ́ta ì bá sàn jù ú lọ. Bákan náà ni ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń fi sínú àwo ní gbogbo Ọjọ́bọ̀: irin pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ fítámìn A tún pọ̀ nínú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó sì lè pa ọmọ inú lára bí ó bá pọ̀jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn elétò ìlera ìjọba ní kí aláboyún má jẹ ẹ́ rárá. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹyin pààrọ̀ tèmi, wọn kò sì janpata.

Èyí tí ó dùn mí jù kì í ṣe ti inú ìkòkò. Obìnrin kan a máa pàtẹ ẹfun jíjẹ sí ẹnu ọ̀nà búkà náà gan-an, àwọn aláboyún tí ẹnu wọn ń wá amọ̀ a sì máa rà á bí wọ́n bá ti ń jáde. Wọ́n ti yẹ irú ẹfun bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀, èyí tí ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Amọ̀ jíjẹ a sì tún máa dí irin lọ́nà nínú ìfun. Ẹni tí ó kọ "Àwo Aláboyún" sí pátákó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ẹlẹ́fun pé kí ó lọ pàtẹ níbòmíràn.

Ẹni tí wọ́n bá bá ṣúgà lára rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 kò ní rí ohun púpọ̀ jẹ níbẹ̀ ju ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lásán lọ. Ẹni tí èébì ṣì ń yọ lẹ́nu náà yóò fi owó ṣòfò, nítorí pé wọn kì í ta ààbọ̀ àwo.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mò ń san lórí àwo kan, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni mò ń lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 36, ẹ̀jẹ̀ mi ti di 34. Oògùn ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé inú oyún mi àkọ́kọ́, mo lo oògùn kan náà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ fífún àti tíì, n kò sì rí irú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ débẹ̀ kí aago kan ọ̀sán tó lù, nítorí pé ẹ̀fọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ tán. Bí ẹ bá pẹ́, ewédú ni wọn yóò bù fún yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n bù ú nínú ìkòkò kejì.