Ohun èlò ìdẹ pàkúté: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà?

Òkété kì í jẹ oúnjẹ níbi tó bá ti rí i. Àpò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Èkùrọ́ tàbí ègé ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá gbé sórí pàkúté, á rọra fà á, á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di inú ihò. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ óò bá pàkúté níbi tẹ́ ẹ dẹ ẹ́ sí, kò ní sí ìdẹ, kò sì ní sí ẹran. Àmọ́ ìdẹ tí a lọ̀ kúnná, tó lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́, kò ṣe é kó sẹ́nu sá lọ. Àfi kó dúró kó máa lá a, kó máa fi eyín họ ọ́. Ìdúró yẹn la fi ń mú un.

Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan bá bi mí pé kí ni kóun rà kóun lè máa ṣe ìdẹ fúnra òun, ohun méjì ni mo máa ń sọ: ohun tí yóò lọ ìdẹ náà kúnná, àti ohun tí yóò tọ́jú rẹ̀ tí òórùn mìíràn kò fi ní wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni kí owó lọ. Ìdẹ òkété àti eku oko ni mò ń wí o. Tó bá jẹ́ ọ̀yà lẹ̀ ń wá, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí ìdẹ olóòórùn. Koríko, àgbàdo àti ìrèké ni ọ̀yà ń jẹ, ojú ọ̀nà tó ń gbà la ti ń dẹ ẹ́.

Ohun ìlọ̀

Ohun mẹ́rin ló wà tẹ́ ẹ lè yàn nínú wọn: ọlọ, odó, bílẹ́ńdà àti ẹ̀rọ ọlọ́wọ́.

Ọlọ ló ń lọ̀ kúnná jù. Òkúta ni, kì í fa epo mu bí igi, ẹ lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí òórùn àná kúrò lára rẹ̀. Ìyà rẹ̀ ni pé ó ń gba àkókò. Ẹni tí pàkúté rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, tí ọlọ kan sì wà nílé tẹ́nikẹ́ni kò lò mọ́, kò gbọdọ̀ lọ ra nǹkan kan. Odó ní tirẹ̀ yára, ṣùgbọ́n igi ni. Ẹ̀pà àti èkùrọ́ tẹ́ ẹ gún nínú rẹ̀ lónìí, òórùn rẹ̀ á wà nínú igi náà títí ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo odó, ẹ gbẹ́ kékeré kan sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan odó iyán ìyá yín.

Bílẹ́ńdà ló ń fa àwọn èèyàn lójú jù, òun ni mi ò sì ní rà. Ẹ̀pà tí wọ́n yan kì í yí dáadáa nínú rẹ̀ láìsí omi, omi tẹ́ ẹ bá sì dà sí i ló ń mú kí ìdẹ hu èéhù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Egungun orí ẹja ń pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ife oníke rẹ̀ ń fa òórùn mọ́ra. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a tún wá ń dúró de iná.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń dẹ ogún pàkúté sókè, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn títí wọ́n á fi sanwó. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo àti ata: irin pẹlẹbẹ méjì ló ń ra ara wọn nínú rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ ìlọran: ọ̀bẹ kan ló ń yí níwájú irin tó kún fún ihò. Àwọn tó ń dẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èkejì yìí ni wọ́n ń lò, nítorí ẹran àti ẹja ni wọ́n fi ń ṣe ìdẹ. Tiwa yàtọ̀. Ẹ̀pà àti èkùrọ́ ló pọ̀ jù nínú tiwa, ẹ̀rọ ìlọran á kàn gé e wẹ́wẹ́ ni, kò ní kúnná. Èyí tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ni kẹ́ ẹ rà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ wo bóyá ìbòrí funfun tó wà lára irin náà ti ń bó, torí ibi tó bá ti bó ni yóò ti dógùn-ún. Ẹ béèrè bóyá irin pẹlẹbẹ rẹ̀ ṣe é rà lọ́tọ̀, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ má ra àlòkù rárá: ẹ ò mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi lọ irúgbìn tí wọ́n ti po oògùn kòkòrò mọ́.

Ohun ìtọ́jú

Ní Morogoro, lórílẹ̀-èdè Tàǹsáníà, àjọ APOPO ń kọ́ àwọn òkété láti fi imú wá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Magawa ṣiṣẹ́ ní Kàǹbódíà, ó rí ohun abúgbàmù tó lé ní 100, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà láti Britain ní 2020. Ẹranko tí imú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ìdẹ tó ń rùn kẹrosíìnì lẹ fẹ́ gbé fún un?

Mo ti lo ike, agolo àti ìgò. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, ó dára láti gbé lọ sóko, àmọ́ ohun tó bá wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fi í sílẹ̀, àgàgà ata àti ọṣẹ. Iyọ̀ tó wà nínú ẹja gbígbẹ máa ń mú kí agolo dípẹtà. Ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà ló borí. Kò ní òórùn tirẹ̀, ó ṣe é sè nínú omi, ẹ sì ń rí èéhù kó tó pọ̀. Kì í ṣe ìgò títun ni kẹ́ ẹ máa wá kiri. Ìgò tí wọ́n ti lo ohun inú rẹ̀ tán tó. Ìdérí ni kẹ́ ẹ gbóòórùn. Rọ́bà tó wà nínú ìdérí ló máa ń gba òórùn pa mọ́, bó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá ìdérí mìíràn. Ẹbìtì tí kò kún emọ́ lójú, òun ní í yí i lẹ́pọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìdérí gan-an nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìdẹ ìgèrè, èyí tí a ń fi ẹja tútù tó ti jẹrà ṣe láti fi mú ẹja àrọ̀. Mo dé ìgò kan pa pinpin lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹja náà kò rí ọ̀nà lọ, ìgò náà sì fọ́ yángá nínú abà. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ni mo fi ń bo ẹnu ìgò ẹja, mo sì ń so ó ní okùn.

Ìwọ̀n, iná àti ìyókù

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń fi nọ́ńbà hàn dára ju ṣíbí lọ, nítorí ìdẹ tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dán an wò nílé: ẹ gbé ife lé e, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ bu omi lítà kan sí i. Kílò kan ló gbọ́dọ̀ kà. Tèmi ni ẹ̀pà yíyan 500 gíráàmù, èkùrọ́ 250, orí ẹja gbígbẹ 50, àti àdín ṣíbí mẹ́ta. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń da gílísírínì sí ìdẹ tiwọn kó má baà gbẹ. Àwọn kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà Ọjọ́ta l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò rẹ̀. Àdín ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì máa ń dì láàárọ̀ ọyẹ́, tí ìdẹ á fi dúró ṣinṣin lórí irin.

Èédú ni kẹ́ ẹ fi yan ẹ̀pà. Sítóòfù oníkẹrosíìnì kò dáa. Asẹ́ àti igi tẹ́ ẹ óò fi po ìdẹ, èyí tó bá wà nílé tó.

Oògùn olóró ni mi ò gbà láàyè nínú abà mi. Àwọn kan ń da òtápiàpiá sínú ìdẹ, bí àwọn mìíràn ṣe da oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ Gammalin 20 sínú odò láti fi pa ẹja. Ènìyàn ló máa jẹ ẹran yẹn. Ẹ̀rọ tó bá sì kan oògùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi lọ nǹkan kan mọ́.

Ìbọ̀wọ́ gbẹ̀yìn, kì í ṣe torí pé ó kéré. Eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbà dé ara oúnjẹ. Oríṣi ìbọ̀wọ́ méjì lẹ óò rí: rọ́bà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní nitrile. Epo máa ń ba ti funfun jẹ́ kíákíá, ẹ ra èyí tó jẹ́ búlúù. Méjì ni kẹ́ ẹ ní, ọ̀kan fún pípo ìdẹ, ọ̀kan fún mímú ẹran kúrò nínú pàkúté, kẹ́ ẹ sì sá wọn sóòrùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.